Ṣé ara ọmọ Nàìjíríà tó ti pẹ́ lókè òkun ṣì mọ ibà?

Ìyá Ìbejì Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àríyànjiyàn kan ló wà nínú ilé wa, mo ní kí n gbé e wá síbí. A fẹ́ wá ṣọdún Kérésì ní Abẹ́òkúta, èmi, baálé mi àtàwọn ìbejì. Mo lọ bá nọ́ọ̀sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn arìnrìn-àjò níbí, ó ní kí gbogbo wa lo oògùn adènà ibà. Baálé mi fàáké kọ́rí. Ó ní Ìtòkò l'Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí òun, pé ibà tó ṣe òun ní kékeré kò lóǹkà, ara òun ti mọ̀ ọ́n lámọ̀dunjú. Ó wá ní: "Èéyi ṣe mí lẹ́ẹ̀kan péré. Ṣé ó tún padà wá? Bí ara ṣe mọ èéyi náà ló ṣe mọ ibà."

Èmi ò rí èsì fọ̀. Òótọ́ ni pé èéyi kì í ṣe èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Kí ló wá dé tí ibà ò yé padà wá? Àwọn ọmọ tí a bí síbí ńkọ́, ṣé wọ́n jogún nǹkan kan lára wa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi dáadáa o, ẹ má kàn ní "dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀". Ìyẹn ò wọ baálé mi létí.

Ọmọ Lísàbí

Àǹtí mi, ọkọ yín ò jayò pa. Èmi wà ní Abẹ́òkúta gan-an, ẹ̀fọn ń jẹ mí tọ̀sán-tòru, mi ò rántí ìgbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ kẹ́yìn. Tí ara bá ti fẹ́ máa ro mí, màá se ewé dóńgóyárò pọ̀ mọ́ èèpo ọ̀pẹ̀-òyìnbó, màá mu ún gbígbóná, ó parí. Àwọn baba ńlá wa ò mọ oògùn adènà kankan. Ara ọmọ Yorùbá le.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Lísàbí, Abẹ́òkúta ni ìwọ ń gbé. Peckham ní London ni ọkọ wọn ń gbé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kì í sábà jẹni lọ́sàn-án, òru ló ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ jù. Tọ̀sán yẹn, ẹ̀yà mìíràn ni. Ṣùgbọ́n ti òru tó ń jẹ ọ́ yẹn ló ń rán ara rẹ létí ibà nígbà gbogbo. Ẹni tó bá ti kúrò níbẹ̀, ìránnilétí ti dáwọ́ dúró. Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ṣiṣẹ́ l'Ékòó, lẹ́yìn ọdún tuntun la máa ń rí àwọn tó wálé wá ṣọdún. Àbúrò tó ń gbé Mushin ní ibà, ó ṣì ń lọ sọ́jà. Ẹ̀gbọ́n tó ti London dé ní ibà, wọ́n ń gbé e wọlé. Ní UK fúnra rẹ̀, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ibà tí wọ́n ń rí lọ́dọọdún wá, àwa tí a lọ kí ẹbí nílé la sì pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn náà. Kì í ṣe òyìnbó tó lọ gbafẹ́. Òyìnbó ti lo oògùn tirẹ̀.

Ní ti àwọn ọmọ: nígbà tí wọ́n wà nínú oyún, antibody yín, ìyẹn purotéènì tí ara fi ń gbá àrùn mú, gba inú ibi ọmọ kọjá sára wọn lóòótọ́. Àmọ́ kì í pẹ́. Kí ọmọ tó pé ọdún kan, ó ti gbẹ tán. Antibody ìyá yìí kan náà ló fà á tí a fi ń dúró dìgbà tí ọmọ bá pé oṣù mẹ́sàn-án ní Nàìjíríà kí á tó gún un ní abẹ́rẹ́ èéyi, torí tí a bá yá jù, antibody ìyá á ti pa àjẹsára náà kí ara ọmọ tó rí i kọ́. Àwọn ìbejì yín, ọmọ òyìnbó pọ́ńbélé ni wọ́n lójú ẹ̀fọn.

Àkànbí Labù

Ẹ kú ìjókòó. Iṣẹ́ labù ni mo ń ṣe, ẹ fara dà á tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn baálé wọn díẹ̀. Ara ń rántí. Ní erékùṣù Faroe, èéyi jà ní 1781, ó lọ, kò tún yọjú síbẹ̀ mọ́ títí di 1846. Peter Panum, dókítà tí ìjọba Denmark rán lọ síbẹ̀ lọ́dún yẹn, rí i pé àwọn arúgbó tó ti ṣe é ní 1781 kò tún ṣe é. Ọdún 65 ti kọjá, wọn ò sì fojú kan èéyi láàárín kan.

Ohun tó ń rántí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀ka kan nínú wọn ń jẹ́ B cell, inú mùdùnmúdùn egungun ni wọ́n ti ń jáde. B cell kọ̀ọ̀kan ní ìdìmú tirẹ̀ lára, ìdìmú ọ̀kan ò sì jọ ti èkejì. Ara ò mọ àrùn tó ń bọ̀ lọ́la. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gé jíìnì ìdìmú yìí sí wẹ́wẹ́, ó ń tún wọn tò lóríṣiríṣi, tó fi jẹ́ pé àrùn yòówù kó dé, B cell kan á wà níbì kan tí ìdìmú rẹ̀ á bá a mu. Susumu Tonegawa ló tú àṣírí yẹn, òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ní 1987. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ṣe kòńgẹ́ àrùn rẹ̀ kì í sábà dá pinnu o. T cell kan, ẹ̀ka mìíràn nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìrànlọ́wọ́, á kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, á fọwọ́ sí i, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín sí méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ, títí á fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kókó tó máa ń yọ lábẹ́ àgbọ̀n tàbí abíyá ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá, ibi tí wọ́n ti ń pín nìyẹn. Ẹ fọwọ́ kàn án wò nígbà mìíràn, á máa yọ̀ lábẹ́ ìka bí ẹ bá tì í.

Tí ogun bá parí, púpọ̀ nínú wọn á kú. Àwọn kan á padà sínú mùdùnmúdùn egungun, wọ́n á jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n á máa tú antibody jáde díẹ̀díẹ̀. Èéyi ò lè bọ́ lọ́wọ́ wọn torí pé ibi tí antibody ti ń gbá a mú lára kì í yí padà. Ẹni tó ṣe é ní 1980, antibody rẹ̀ á mú èéyi ti òde òní.

Ibà ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Plasmodium falciparum, kòkòrò ibà tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, inú sẹ́ẹ̀lì pupa ló ń gbé. Bó bá dàgbà díẹ̀ níbẹ̀, á ti purotéènì kan tó ń jẹ́ PfEMP1 síta sára sẹ́ẹ̀lì náà, òun ló fi ń lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà gbé e dé spleen. Spleen yìí wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, òun ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, tó ń jẹ sẹ́ẹ̀lì tó bá ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò ṣe ti purotéènì náà síta, antibody á rí i. Kòkòrò wá ní nǹkan bí 60 jíìnì tó lè ṣe oríṣi purotéènì yìí, ọ̀kan ṣoṣo ló sì ń lò lẹ́ẹ̀kan. Kí ara tó dá ti òní mọ̀ tán, àwọn kan nínú wọn ti gbé òmíràn wọ̀, bí eégún tó pààrọ̀ agọ̀ láàárín agbo. Ẹ sì má gbàgbé pé ti ẹ̀yà kòkòrò kan ṣoṣo ni 60 yẹn o. Èyí tó wà lára aládùúgbò yín ní 60 tirẹ̀ tó yàtọ̀.

Nítorí náà ọmọ tó ń dàgbà ní Ìtòkò ní láti ṣe ibà léraléra kí ara rẹ̀ tó mọ èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó ń jà ládùúgbò. Bó bá dàgbà, kòkòrò lè wà lẹ́jẹ̀ rẹ̀ kó má mọ̀. Mo máa ń rí i lára àwọn tó wá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ: ara wọn le koko, ṣùgbọ́n tí mo bá fi aró Giemsa kun ẹ̀jẹ̀ wọn lórí gíláàsì, mo máa ń rí òrùka tín-tìn-tín aláwọ̀ búlúù nínú sẹ́ẹ̀lì kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, pẹ̀lú ẹyọ ojúàmì pupa kan létí rẹ̀. Èyí ni Lísàbí ń pè ní ara líle. Ìdáàbòbò ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀fọn ò bá jẹni mọ́, kì í dúró.

Bàbá Rótìmí

Àkànbí, o kú làálàá. Ṣùgbọ́n eégún wo ló ń pààrọ̀ agọ̀ láàárín agbo? Eégún onídán nìkan ló ń dán irú ẹ̀ wò. Má jẹ́ kí àwọn àgbà gbọ́ pé o pa gbogbo eégún pọ̀.

Ìbéèrè mi: mo gbọ́ pé T cell kan wà tó jẹ́ apani, tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tí àrùn bá ti wọ̀. Kí ló dé tí ìyẹn ò pa sẹ́ẹ̀lì tí ibà wà nínú ẹ̀? Àbí òun náà ń sùn ni?

Àkànbí Labù

Mo ti gbọ́ o, Bàbá. Eégún onídán.

Bọ̀dé Houston

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gba ti T cell yẹn, ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ níbí nìyẹn.

T cell apani kì í rí inú sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì wa fúnra wọn ló máa ń gé díẹ̀díẹ̀ lára purotéènì tó wà nínú wọn, tí wọ́n á gbé ègé náà síta lórí ohun kan tí wọ́n ń pè ní MHC. T cell á máa kiri, á máa wò ó. Bí ègé náà bá jẹ́ ti ara wa, á kọjá lọ. Bó bá jẹ́ ti àjèjì, á pa sẹ́ẹ̀lì náà tòun ti ẹni tó sá pamọ́ sínú rẹ̀. Peter Doherty àti Rolf Zinkernagel ló rí èyí nínú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà láàárín ọdún 1970 sí 1979. Nobel tiwọn jẹ́ ti 1996. Sẹ́ẹ̀lì pupa wá yàtọ̀. Ó ti ju núkílíọ́ọ̀sì rẹ̀ nù kó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀, kò sí MHC tó tó nǹkan lára rẹ̀ mọ́. Kòkòrò ibà tó bá ti wọ ibẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ T cell apani. Inú ẹ̀dọ̀ nìkan ni wọ́n ti lè pàdé, torí ẹ̀dọ̀ ni kòkòrò náà kọ́kọ́ ń sá lọ bí ẹ̀fọn bá ti gún wa, á sì lo bí ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Wọn ò pọ̀ nígbà náà, ó sì ṣòro láti rí gbogbo wọn pa. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ kan ṣoṣo tó bá bọ́ lè tú ẹgbẹẹgbàárùn-ún kòkòrò sínú ẹ̀jẹ̀.

Nínú ẹ̀jẹ̀, antibody ló kù. Ẹ̀rí rẹ̀ ti pẹ́: ní 1961, Cohen, McGregor àti Carrington fa antibody jáde látinú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà ní Gáḿbíà, wọ́n gún un fún àwọn ọmọdé tí ibà ń ṣe, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà wálẹ̀, ara wọn sì rọ̀.

Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú, mo fẹ́ tako yín níbì kan. Pé ìránnilétí dáwọ́ dúró kò ní kí ara gbàgbé pátápátá. Antibody inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀. Àwọn B cell tó mọ ibà lè ṣì wà. Ìdí nìyí tí ẹni tó dàgbà ní Áfíríkà, bí ibà bá ṣe é ní Yúróòpù, kì í sábà le tó ti òyìnbó tí ò rí i rí. Àmọ́ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Sweden lórí àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń gbé níbẹ̀ fi hàn pé bí ọdún tí wọ́n ti lò níbẹ̀ ṣe ń gùn ni ewu akọ ibà ń pọ̀ sí i.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Mo gbọ́, Bọ̀dé. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé tí o bá sọ fún ọkùnrin Ẹ̀gbá pé ara rẹ̀ rántí díẹ̀, "rántí" nìkan ló máa gbọ́.

Bọ̀dé Houston

Haha. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò lé e. Bí B cell tó ń sùn bá jí, ó nílò ọjọ́ mélòó kan kí antibody rẹ̀ tó pọ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀, wákàtí 48 ni kòkòrò yìí fi ń yí po: sẹ́ẹ̀lì pupa á bẹ́, àwọn ọmọ á tú síta, wọ́n á wọ sẹ́ẹ̀lì tuntun. Ẹni tí antibody rẹ̀ wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ á pa púpọ̀ nínú wọn ní kété tí wọ́n bá jáde. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí B cell rẹ̀, wọ́n ti ṣíwájú rẹ̀ jìnnà.

Ọmọ Lísàbí

Gbogbo gírámà yìí dáa. Ṣùgbọ́n èmi ní ohun méjì tí òyìnbó ò ní: AS ni mí, ibà ò lè mú AS, àti pé agbo ń ru ọmọ ogun ara sókè. Ẹ jẹ́ kí ọkọ wọn lọ yẹ genotype wò, tó bá jẹ́ AS, kó da oògùn nù.

Ṣadé Akọni

Ẹ̀gbọ́n Lísàbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ibà ń mú AS. SS ni èmi, inú ọ̀rọ̀ yìí ni mo dàgbà sí.

Ní 1954, Anthony Allison fi hàn pé AS ń dáàbò boni lọ́wọ́ ibà. Lọ́wọ́ akọ ibà tó ń pani, ibẹ̀ ni ààbò rẹ̀ ti lágbára. Kòkòrò ṣì ń wọlé. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, ilé wa níbí ni wọ́n ti rí apá kan rẹ̀: Luzzatto àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn kọ ọ́ jáde ní 1970 pé sẹ́ẹ̀lì AS tí kòkòrò bá wà nínú rẹ̀ tètè máa ń ká kọdọrọ ju èyí tí kò sí nínú rẹ̀ lọ. Sẹ́ẹ̀lì tó bá sì ti ká báyẹn, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun ajẹran inú spleen á mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, wọ́n á gbé e jẹ tòun ti kòkòrò inú rẹ̀. Ó ń dín wọn kù, kò lè lé wọn tán. Bí àwọn AS bá wá da oògùn nù nítorí ìyẹn, wọ́n á gbé kòkòrò kiri, ibà á sì tún ṣe wọ́n.

Ní ti àwa SS, ẹ má ṣe rò pé S méjì dáa ju S kan lọ o. Spleen tiwa tètè máa ń bàjẹ́ láti kékeré, torí náà kò sí ẹni tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ mọ́ dáadáa. Ibà kékeré lè gbé wa lọ sínú wàhálà ńlá. Paludrine ojoojúmọ́, oògùn adènà ibà, ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Ìyá mi á dúró tì mí títí n ó fi gbé e mì, á tún ní kí n ya ẹnu kí òun rí abẹ́ ahọ́n mi.

Bọ̀dé Houston

Kí n fi kún ti "ru ọmọ ogun ara sókè" yẹn. Ohun tí a ń wá kọ́ nìyẹn. Òtútù tó ń gbọ̀n yín jìgìjìgì nígbà ibà àti ooru tó ń tẹ̀ lé e, ara yín ló ń ṣe é. Bí sẹ́ẹ̀lì pupa bá bẹ́, ìdọ̀tí inú rẹ̀ á tú sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kan wà tí kò nílò kí wọ́n ti mọ ibà rí. Wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń dá irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ mọ̀ láti ìgbà tí a ti bí wọn. Wọ́n á tú TNF àti IL-1, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́, síta, ìyẹn ló ń sọ fún ọpọlọ pé kó gbé ooru ara sókè. Bí wọ́n bá tú u jù, òun náà ń pani lára. Àwọn T cell kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kìkì kí wọ́n máa mú àwọn yòókù so. Lórí wọn ni Brunkow, Ramsdell àti Sakaguchi ṣe gba Nobel ní 2025. Àgbàlagbà tó ń gbé nínú ibà láìdùbúlẹ̀, lára ohun tí ara rẹ̀ ti kọ́ ni bí a ṣe ń já ìjà náà kù.

Ọmọ Lísàbí

Ṣé ẹ ń sọ pé agbo ò ṣiṣẹ́?

Àkànbí Labù

Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ewé ni wọ́n ti rí artemisinin, oògùn ibà, Tu Youyou gba Nobel lórí ẹ̀ ní 2015. Ewé tó ń pa kòkòrò jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, kí ara mọ kòkòrò jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìṣòro mi pẹ̀lú ìkòkò agbo ni pé mi ò mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú ife kan. Ti àná le, ti òní là.

Ìyàwó Ọ̀ṣogbo

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Oyún àkọ́kọ́ ni mo ní, Ọ̀ṣogbo ni mo dàgbà sí, mi ò lọ ibì kankan rí. Ní ibi tí mo ti ń gba ìtọ́jú, wọ́n fún mi ní oògùn ibà oníhóró mẹ́ta, wọ́n ní kí n gbé e mì lójú wọn. Ara mi ò gbóná, mi ò ṣàìsàn. Tí ara mi bá mọ ibà gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ, kí ni oògùn yẹn wà fún?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ rẹ ló tilẹ̀ fi ohun tí Àkànbí sọ hàn kedere jù.

Ara rẹ mọ ibà tó ń lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ. Oyún gbé ohun tuntun wá: ibi ọmọ. Nínú àwọn jíìnì 60 tí wọ́n ń sọ yẹn, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ VAR2CSA, ibi ọmọ ló ń lẹ̀ mọ́. Kí oyún tó dé, kò rí ibi lẹ̀ mọ́ lára rẹ, ara rẹ ò sì bá a pàdé rí. Nítorí náà aboyún tó ti gbé ìlú ibà láti kékeré á tún di àjèjì nídìí ibà yìí. Kòkòrò á kún inú ibi ọmọ, ara ìyá lè má gbóná rárá, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ní ìka ọwọ́ lè má fi bẹ́ẹ̀ fi nǹkan hàn lórí gíláàsì, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá á máa gbẹ, ọmọ á sì kéré. Ní oyún kejì, ìkẹta, antibody sí VAR2CSA ti ń wà, ewu rẹ̀ á dín kù. Àkọ́bí ló ń fara gbá a jù.

Oògùn oníhóró mẹ́ta yẹn ni SP (sulfadoxine-pyrimethamine), torí ibà inú ibi ọmọ yìí ni wọ́n ṣe fún ọ. Láti bí ọ̀sẹ̀ 13 oyún ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, oṣù kan gbọ́dọ̀ wà láàárín méjì, ó sì yẹ kó tó ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán kí o tó bí. Jọ̀ọ́, wo fólíìkì ásíìdì tí wọ́n fún ọ: bó bá jẹ́ 5mg, sọ fún wọn, torí èyí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè sọ SP di aláìlágbára. 0.4mg ló bá a lọ. Sì máa sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì.

Ìyàwó Ọ̀ṣogbo

5mg ni! Ẹ ṣé gan-an, mà. Màá béèrè lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ Ajé.

Ìyá Sìkírù, Bénin

Ẹ káàbọ̀ o. Lọ́dọ̀ wa ní orílẹ̀-èdè Bénin, April 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà. Ọmọ mi gbà á, ibà tún ṣe é lẹ́yìn náà. Ìyá ọkọ mi ní ṣebí òun sọ fún mi. Ṣé abẹ́rẹ́ yẹn ń ṣiṣẹ́ ṣá?

Bọ̀dé Houston

Ó ń ṣiṣẹ́, mà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ ní ààlà. Èyí tí wọ́n ń lò ní Bénin ni RTS,S, àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí i ní 2021. R21 tẹ̀ lé e ní 2023. Òun ni Nàìjíríà mú, Kebbi àti Bayelsa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní December 2024. Àwọn méjèèjì ń kọ́ ara láti mọ purotéènì kan tó bo kòkòrò náà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu ẹ̀fọn, kó tó dé ẹ̀dọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n yàn torí pé kì í pààrọ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀ tó bó ṣe ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ àkókò tí antibody fi lè gbá a mú kúrú gan-an kó tó sá wọ ẹ̀dọ̀. Bí díẹ̀ bá bọ́, ibà á ṣe ọmọ. Ohun tó ń dín kù ni iye ìgbà tí ibà ń ṣe ọmọ àti èyí tó ń di akọ ibà. Antibody rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀, torí ẹ̀ ni ẹ̀kẹrin fi wà lẹ́yìn mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀kẹrin yẹn kọjá ọmọ yín.

Ìyá Ìbejì, kí ẹ má baà béèrè: àwọn ọmọdé tó ń gbé níbi tí ibà wà ni abẹ́rẹ́ yìí wà fún, kì í ṣe arìnrìn-àjò.

Ìyá Ìbejì Peckham

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo ka gbogbo ẹ̀ sí baálé mi létí. Ti ibi ọmọ yẹn ló mú un dákẹ́, ó ní òun ò mọ̀ pé ibà gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ó ti gbà. Ṣùgbọ́n ó ní ó wọ́n jù níbí, òun á ra oògùn náà ní kẹ́míìsì tí a bá dé Abẹ́òkúta.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Rárá o! Ó gbọ́dọ̀ ti wà lára yín kí ẹ̀fọn àkọ́kọ́ tó jẹ yín. Atovaquone-proguanil, ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ìrìn-àjò ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ojoojúmọ́ ni, ẹ ó sì lò ó fún ọjọ́ 7 lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò. Doxycycline náà, ọjọ́ kan sí méjì ṣáájú, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 4 ni lẹ́yìn ìpadàbọ̀, ó sì máa ń dín owó kù. Ní UK wọn kì í fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún 12. Kí wọ́n wọn àwọn ìbejì kí wọ́n tó fún wọn ní tiwọn, ìwọ̀n ara ni wọ́n ń lò. Ayédèrú oògùn sì pọ̀ lọ́jà wa, ẹ rà á ní UK kí ẹ tó gbéra.

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé: bí ara ẹnikẹ́ni nínú yín bá gbóná láàárín ọdún kan tí ẹ padà dé, àní bí ẹ tiẹ̀ lo oògùn pé, ẹ lọ ọsibítù lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ sì fẹnu yín sọ pé Nàìjíríà lẹ lọ. Dókítà UK lè má ronú ibà.

Bàbá Rótìmí

Ó ku tèmi. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ yẹ ara mi wò, labù á ní ibà àti typhoid ni. Lóṣù tó kọjá, wọ́n kọ 1/160 sí iwájú typhoid. Mo lo oògùn, mo tún padà lọ, 1/160 kan náà. Ibà gan-an tí wọ́n ní mo ti tọ́jú, ìlà méjì ṣì hàn lórí páálí àyẹ̀wò ibà yẹn.

Àkànbí Labù

Bàbá, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí.

Páálí ibà yẹn, antibody ni wọ́n tẹ́ sórí ìlà rẹ̀, òun ló ń gbá purotéènì HRP2 tí kòkòrò ibà ń tú jáde mú. Bí oògùn bá ti pa kòkòrò tán, HRP2 ṣì lè wà lẹ́jẹ̀ yín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìlà méjì lẹ́yìn ìtọ́jú kò ní kí ibà ṣì wà. Kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ yín lórí gíláàsì bí ara ò bá tíì yá.

1/160 yẹn, Widal ni wọ́n ṣe. Widal kì í wá kòkòrò typhoid rárá, antibody yín ló ń wá. Bí ẹ bá ti ṣe typhoid nígbà kan rí, tàbí ẹ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, tàbí kòkòrò mìíràn tó bá a tan gba ara yín kọjá, antibody á wà. Àní ibà lásán lè gbé e jáde. Ní ìlú tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti bá kòkòrò yìí pàdé, Widal kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan kò fi nǹkan kan múlẹ̀. Ó kàn ń sọ ìtàn ara yín fún yín ni, wọ́n sì ń fi ìtàn yẹn ta àńtíbáyótíìkì. Ẹ ní kí wọ́n ṣe blood culture, ìyẹn kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ yín sínú ìgò, kí wọ́n wò ó bóyá kòkòrò á hù níbẹ̀.

Bàbá Rótìmí

Ìyẹn ò ní wọ́n bí?

Àkànbí Labù

Ó wọ́n ju Widal lọ, ó sì ń gba ọjọ́ mélòó kan kí èsì tó jáde. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀. Kí ẹ má sì tíì fẹnu kan àńtíbáyótíìkì kankan kí wọ́n tó fà á, torí kòkòrò tí oògùn bá ti pa kò ní hù nínú ìgò.